Ọwọ́ Tó Kan Etí

Nínú àlá náà, ilé ló gbéra. Akínlẹ́yẹ jókòó sórí àga ní bákónì rẹ̀ ní Ìgàndó, ó kàn rí i pé ilẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìsí ariwo, láìsí gbígbọ̀n. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ sísàlẹ̀, táǹkì omi aládùúgbò lọ sísàlẹ̀, òrùlé Ìkòtún àti ti Ẹgbẹ́dá sì tẹ́ rẹrẹ bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn. Ó na ọwọ́ kí ó lè darí ilé náà, kò rí nǹkan kan dì mú. Ìkuukùu rọra wọlé, ó jókòó sórí àga kejì, ó fẹ̀yìn tì í bí àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Àlá náà dùn mọ́ ọn débi pé nígbà tó jí, inú bí i sí ilẹ̀ tó bá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àlá ọ̀sán ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń lá irú rẹ̀, láti ìgbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti ń sún mọ́lé. Ẹlòmíràn á máa retí ọjọ́ ìbí kó lè gé kéèkì. Ní ti Akínlẹ́yẹ, ọjọ́ ìbí yìí ló fẹ́ gba bàálù lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin àwọn tó ń fi bàálù kó èrò kò bìkítà bóyá ojú awakọ̀ ṣì ń ríran dáadáa, kò sì bèèrè bóyá ọkàn rẹ̀ ṣì wà lókè. Bó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin, ó parí nìyẹn, kó máa bọ̀ nílé.

Ilé ọ̀hún kò kúkú burú. Nígbà tí Ìgàndó ṣì jẹ́ igbó ló ti ra ilẹ̀ síbẹ̀. Ó kọ́lé, ó sì ní kí wọ́n kun òrùlé rẹ̀ ní búlúù, kó lè máa rí i nígbàkígbà tó bá gbéra ní Ìkẹjà tó sì yà sọ́nà Gánà. Ìyàwó rẹ̀, nígbà tó wà láyé, máa ń sọ pé torí àtiwò láti òkè ni ọkọ òun ṣe kọ́lé, kì í ṣe torí àtigbé. Kò parọ́ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí òfin kò mọ̀. Ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ọjọ́ orí Akínlẹ́yẹ kò tíì tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yà sí Èkìtì ná. Láyé ìgbà tí wọ́n bí i, tíṣà kì í bèèrè ìwé ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ wọ ilé ìwé, torí ta ló ní in? Wọ́n á ní kí ọmọ gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi ọwọ́ kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ ti pé ọdún mẹ́fà nìyẹn. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé lọ máa ṣeré. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Akínlẹ́yẹ lọ́jọ́ tó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olúfúnmiláyọ̀, lọ síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan etí. Ọ̀gá ilé ìwé wò ó tòkè tilẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí ti tó," ó sì kọ ọdún mẹ́fà sílẹ̀ fún un.

Bí ó ṣe gba ọdún méjì tí kò gbé láyé lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Àwọn ọdún náà ló fi wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù lókè Ọya, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ síléèwé. Wọn kì í gba ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún sì ni. Ojú ọ̀run tètè ṣí fún un, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Àfi ìgbà tí ọdún méjì ọ̀hún padà wá kanlẹ̀kùn.

"A ò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni," ni Àǹtí Fúnmi, ìyẹn Olúfúnmiláyọ̀ kan náà, wí nínú pálọ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó kó wá sílé àbúrò rẹ̀ nígbà tí ìyàwó ilé ti kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì máa ń lékè níbẹ̀. Ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ búláòsì tó fẹ́ wọ̀ lọ sí kóòtù lọ́jọ́ kejì, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bíi pé búláòsì ló ṣòfin. "Èmi ni mo pọ̀n ẹ́. Mo mọ ọdún tí wọ́n bí ẹ. Màá dúró níwájú wọn, màá búra, wọ́n á dá ọdún méjì ẹ padà fún ẹ. Kí lo tún ń rò, jàre?"

Ilé iṣẹ́ rẹ̀ náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n, ọ̀gá wọn sì ti ṣèlérí pé bó bá mú ìbúra náà wá, àwọn á bá a gbé e dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Akínlẹ́yẹ náà fẹ́ ẹ, kí n má tàn yín. Ó fẹ́ ẹ gan-an. Ó fẹ́ràn àkókò tí ọkọ̀ máa ń já gba inú ìkuukùu jáde tí oòrùn á sì tàn sí i lójú lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì mọ ohun tí èèyàn fi ń rọ́pò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílẹ̀.

Wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ẹnì kan kan géètì. Fàdìlàt ni, ọmọ onílẹ̀ Ìdímù, igbákejì tó máa ń jókòó sápá ọ̀tún Akínlẹ́yẹ nínú ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbé ọsàn, ó fi èkejì fa ọmọ rẹ̀, Àìṣát, ọmọ ọdún mẹ́rin. Akínlẹ́yẹ ló kọ́ Fàdìlàt níṣẹ́ débi pé ó lè wo àwọ̀ òjò lókèèrè kó mọ èyí tó máa jà. Ó ti ṣe gbogbo ìdánwò ọ̀gá awakọ̀, ó ti yege. Àga ló kù, ẹni tó wà lórí rẹ̀ kò sì tíì dìde. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan tó ń jẹ́ Khalid wà ní Ìpájà tó ti kẹ́kọ̀ọ́ bàálù jáde tán, tó ń bá bàbá rẹ̀ ta sìmẹ́ńtì, tó ń dúró de àga igbákejì tí Fàdìlàt máa fi sílẹ̀.

Fàdìlàt kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Mọ́mì. Ẹ káàsán, Ọ̀gá mi. Wọ́n sọ fún mi ní ọ́fíìsì pé ẹ ṣì máa wà. Inú mi dùn ṣá."

Inú rẹ̀ dùn lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló dun Akínlẹ́yẹ.

"Mo wá dágbére ni," ó tẹ̀ síwájú. "Ilé iṣẹ́ kan pè mí lókè òkun. Igbákejì náà ni màá ṣe lọ́hùn-ún, àmọ́ wọ́n ní èèyàn máa ń tètè gòkè níbẹ̀. Mi ò lè mú Àìṣát dání. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ló máa wà ní Ìdímù. Wọ́n ń retí èsì mi lọ́sẹ̀ yìí."

Bàálù kan kọjá lókè ilé, gbogbo wọn sì gbójú sókè títí ohùn rẹ̀ fi tán. Òjìji igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń rìn lára ògiri bí ẹja nínú omi. Akínlẹ́yẹ yíjú sọ́mọ.

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti tó ọmọ iléèwé?"

"Mo ti tó," ni Àìṣát wí.

"Ó dáa. Gbé ọwọ́ gba orí kọjá. Fi kan etí tọ̀hún."

Ọmọ náà gbé apá ọ̀tún sórí. Ọwọ́ kò dé. Ó na ìka, kò dé. Ó ronú díẹ̀, ó wá rọra tẹ orí sí èjìká ọ̀tún, etí òsì sì gòkè wá pàdé ìka. "Ó ti kàn án," ó wí, ojú rẹ̀ ń tàn.

Akínlẹ́yẹ kò rẹ́rìn-ín. Òórùn ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ní Èkìtì ló kọ lù ú, ó sì rántí ọwọ́ ọmọbìnrin kan tó rọra ń tẹ orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń ní, bẹ́ẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ yẹn gan-an ni kó o ṣe lọ́la. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ti dúró lójú kan, búláòsì sì ti ń rùn.

"Àǹtí mi," ó ní, "ọwọ́ mi ò gùn nígbà yẹn."

Àǹtí Fúnmi gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Ohùn rẹ̀ kéré, ohùn ọmọdé ni. "Ọ̀nà yẹn jìn. Igbó wà lọ́tùn-ún, igbó wà lósì. Mi ò fẹ́ máa dá rìn ín."

"Ẹ̀yin lẹ sọ mí di àgbà. Ẹ̀yin náà lẹ tún fẹ́ sọ mí di ọmọdé."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, ó wá kù díẹ̀ kó di ẹkún. Nígbà tó rọlẹ̀, Akínlẹ́yẹ kọjú sí Fàdìlàt. "Sọ fún wọn pé o ò lọ mọ́. Àga á ṣí lọ́jọ́ ìbí mi."

"Ọ̀gá mi, àmọ́ ẹ ò tíì pé ọdún yẹn."

"Ọdún méjì yẹn ló gbé mi débi tí mo dé. Mo ti ná an níbẹ̀rẹ̀, mi ò lè tún ní kí wọ́n fún mi ná lópin, kí ọmọ yìí wá máa sùn láìsí ìyá rẹ̀."

Ó dùn ún bó ṣe ń sọ ọ́, ó dùn ún dé eegun. Fàdìlàt fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Ọjọ́ ìbí dé, ó lọ. Fún ìgbà díẹ̀, Akínlẹ́yẹ ń rìn nínú ilé bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá mú. Ó ń jí ní ìdájí, ó ń wọ bàtà, ó ń rántí, ó ń bọ́ ọ. Àlá ilé tó ń fò kò wá mọ́, ó sì ń ṣàárò rẹ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Fàdìlàt pè é lórí fóònù: "Ọ̀gá mi, èmi ni mo ń gbé ọkọ̀ lọ sí Gánà láàárọ̀ ọ̀la."

Òun àti Àǹtí Fúnmi ti jókòó sí bákónì kí oòrùn tó là. Ìkuukùu fẹ́lẹ́ bo àdúgbò, àwọn òrùlé ń léfòó nínú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí i. Bàálù náà yọ láti apá Ìkẹjà, ó ń gòkè, ó funfun. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òkè òrùlé búlúù, ó yà sọ́nà Gánà. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọra lọ sísàlẹ̀, tòsì sì gòkè, bí ọmọ tó ń tẹ orí kí ọwọ́ lè kan etí.

Akínlẹ́yẹ dìde. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti gba orí kọjá kó tó mọ̀, ìka rẹ̀ sì wà lára etí òsì.

"Ọmọ yìí ti tó," ó wí.

Àǹtí Fúnmi di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú, bó ṣe máa ń dì í mú lójú ọ̀nà ilé ìwé, kò sì fi í sílẹ̀ títí bàálù náà fi wọ inú ìkuukùu lọ.