Búrọ́ọ̀ṣì Kékeré Baba Àmì

Kò sí akọ̀wé pátákó tó lẹ́nu bíi Baba Àmì. Àwọn tó kù nínú iṣẹ́ náà a máa kọ lẹ́tà gbàgàdà-gbàgàdà, wọn a sì fi í sílẹ̀ níhòòhò, kò ní àmì lórí, kò ní lábẹ́. Òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé mẹ́rin péré ló kà, ṣùgbọ́n olùkọ́ ìwé kẹrin náà ti na àmì ohùn wọ̀ ọ́ lára, kò sì jáde mọ́.

Díẹ̀díẹ̀, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló máa ń kọ lẹ́tà ńláńlá. Ogún ọdún rèé tí wọ́n ti jọ ń ṣe é. Bí ọ̀dà bá gbẹ, Baba Àmì á gun àkàbà fúnra rẹ̀, á yọ búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan látinú àpò àyà, á sì máa wọ́n àmì sórí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì náà.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù méje sẹ́yìn ni ìyàwó rẹ̀ ra awò ojú fún un. Ó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wo dígí, ó rí bàbá arúgbó kan tó ń wo òun, ló bá sọ awò náà sínú agolo ọ̀dà tó ti tán, ó dé e. Bí ìyàwó bá béèrè, á ní, "Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń lò ó." Láti ọjọ́ náà ni ojú gbogbo ayé ti ń fọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, "Lọ ra awò!" Díẹ̀díẹ̀, tó lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti ìparí àdúgbò, òun ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú èébú náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ìyá Mọ́tò, obìnrin tó ní ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀, já wọ ṣọ́ọ̀bù wọn bí ìjì. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n kọ pátákó rẹ̀.

"Baba Àmì, kí lẹ kọ sẹ́nu ọ̀nà mi?"

"Ohun tẹ́ ẹ ní ká kọ ni. *A ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré!*"

"Ọkọ̀ wo? Láti Sátidé ni àwọn obìnrin ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo ní kí wọ́n wá jókòó sídìí ọkọ̀, wọ́n ní, 'Ọkọ náà dà?' Ìyá kan fa ọmọbìnrin rẹ̀ méjì wá, ó ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé tí ọkọ ò yọjú ńkọ́? Ohun tẹ́ ẹ kọ ni, *A ń kọ́ni ní ọkọ wíwá!*"

Baba Àmì rántí pé lọ́sàn-án Jímọ̀ yẹn, lẹ́tà ń yọ́ lójú òun bí epo lórí omi, òun sì fi ìméfò sọ àmì sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ yàtọ̀.

"Díẹ̀díẹ̀! O ti fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì kékeré mi!"

"Èmi kẹ̀, Bọ̀dá?"

"Ìwọ afọ́jú yìí náà ni! Ẹni tó ba àkàbà mi jẹ́ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kí ni kò ní bà jẹ́?"

"Pátákó mẹ́rin mìíràn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ," ni Ìyá Mọ́tò wí. "Ẹni tó ṣe èyí kò ní sí níbẹ̀."

"Ó ti lọ nìyẹn! Díẹ̀díẹ̀, kó ẹrù rẹ."

Díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Baba Àmì ń wo àjà. Kí ni òun fẹ́ wí fún ìyàwó nílé, pé òun lé àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún?

Díẹ̀díẹ̀ wá na ọwọ́ sí agolo kan, ó ṣí i, ó fa awò ojú yọ.

"Bọ̀dá, ṣé ẹrù tèmi nìyí, àbí tiyín?"

Díẹ̀díẹ̀ na awò náà sí i.

"Òótọ́ lẹ sọ o. Mo ń fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì yẹn. Ó ti tó oṣù méje. Bí ẹ bá ti rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì tẹ́ ẹ lọ fọwọ́, màá gun àkàbà, màá tún àwọn àmì tó ṣìnà ṣe. Jímọ̀ yẹn nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ ti pè mí ní afọ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó di ọ̀sán, mo bá bínú lọ sílé. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mi ò dẹ́ṣẹ̀, òun lẹ ń torí ẹ̀ lé mi!"

Ìyá Mọ́tò bú sẹ́rìn-ín, ó wá bẹ́ǹṣì kan jókòó lé. Baba Àmì gbìyànjú láti le ojú, kò rí i ṣe. Ó gba awò, ó fi ẹ̀wù nù ún, ó wọ̀ ọ́. Ó tẹjú mọ́ àna rẹ̀.

"Ta ló da ọ̀dà funfun sí ẹ lórí?"

"Ewú ni, Bọ̀dá. Ẹ kú àtijọ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Baba Àmì. Ó ní, "Èmi ni," wúyẹ́wúyẹ́.

"A ò gbọ́!" ni Ìyá Mọ́tò ké.

"Ojú mi ni, kì í ṣe ojú rẹ̀! Èmi ni mo kọ ọkọ wíwá!"

Obìnrin méjì tó ń kọjá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni wọ́n ti ń kọ́ ọ?"

Ìyá Mọ́tò ní kí wọ́n má pa pátákó náà rẹ́. Mọ́kànlá nínú àwọn obìnrin Sátidé ti forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní bí ọkọ ò bá wá, àwọn á wakọ̀ lọ pàdé rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kàn kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Ọkọ̀ la mọ̀ ọ́n kọ́ni o. Ti ọkọ, ọwọ́ yín ló wà.*

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Díẹ̀díẹ̀ kọ lẹ́tà, Baba Àmì wọ awò gun àkàbà, ó sàmì. Nígbà tó ku ẹyọ kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó na búrọ́ọ̀ṣì kékeré sí Díẹ̀díẹ̀.

"Gbà, lọ fi sí i. Ẹyọ kan péré o! Má sì rò pé mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ àkàbà."

"Àkàbà yẹn? Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ jókòó lé e tó fi ṣẹ́."

Baba Àmì bọ́ awò rẹ̀ kúrò lójú, ó rọra fi í sápò.

"Ìyẹn," ló wí, "mi ò rí i."