Káàdì Àrìnpé

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ọdún 1998, imọ̀ ọ̀pẹ ta Àrìnpé Fámúrewá lójú òsì nígbà tó ń ṣa igi ìdáná lẹ́yìn ilé wọn ní Ìṣẹ̀. Kò ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ. Ó fi ìṣẹ́tí ìró nu ojú, ó di igi rẹ̀, ó rù ú délé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, ojú ti wú, omi ń dà níbẹ̀, kò sì lè wo ìmọ́lẹ̀.

Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó ń wá káàdì rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Dókítà Ọbáfẹ́mi, lọ́nà Ẹmùré, ni gbogbo àdúgbò ń lọ nígbà náà. Ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n ń gba ẹni tuntun. Èrò á ti Ìkẹ́rẹ́ wá, á ti Ẹmùré wá, wọn á tò dé ojú títì, ìdajì wọn á sì padà sílé láìrí dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní káàdì lọ́wọ́ lè lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí ó ti parí. Láti ọjọ́ Ẹtì, dókítà ti lọ sí Adó. Nítorí náà, ilé tó bá ní káàdì kan, gbogbo ẹbí ló ní in. Káàdì Àrìnpé ti dé ibi tí Àrìnpé fúnra rẹ̀ kò dé rí.

Lọ́jọ́ yìí, kò sí káàdì lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Ìyá, ṣé ẹ bá mi rí káàdì mi?" Ó ń bi Ìbíwùmí, ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé.

"Mojírádé ló mú un lánàá. Inú ń run ún."

"Ẹ ò sì sọ fún mi, Ìyá?"

"Ẹ gbọ́ o! Ṣé ulé kan náà kọ́ ni gbogbo wa wà ni? Káàdì tí ẹ̀gbọ́n mi lò, tí àbúrò mi lò, ti ọmọ mi ló wá di ẹjọ́?"

Ọdún kejìdínlógún Àrìnpé nínú ilé náà nìyí, kò tíì sọ fún ẹnì kan níbẹ̀ rí pé rárá. Ọkọ rẹ̀ ì bá gbè é, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ lọkùnrin náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, fáìlì rẹ̀ kò tíì rí ọ̀nà wá sí Adó. Ìparí oṣù ló ń wálé.

Ó fi gèlè bo ojú òsì, ó rìn lọ sí ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé tó ń gba káàdì, Jẹ́jẹ́, kò tíì lo oṣù kan níbẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni, kò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

"Màmá, káàdì yín dà?"

"Mi ò mú un wá. Orúkọ mi wà nínú ìwé yín. Àrìnpé Fámúrewá."

Jẹ́jẹ́ ṣí ìwé ńlá, ó ń fi ìka tọ orúkọ lọ. "Àrìnpé Fámúrewá wá síbí lánàá. Inú rírun. Ó ti gba oògùn."

"Èmi kọ́ nìyẹn."

"Ta wá ni yín?"

"Èmi ni Àrìnpé Fámúrewá."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ ní, "Àrìnpé mélòó ló wà ní Ìṣẹ̀ gan-an?"

Bàbá Ìgè, alàgbà nínú ìjọ wọn, fi ọ̀pá dìde. "Akọ̀wé, tísà ni obìnrin yìí. Òun ló kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó."

"Ẹ má bínú, bàbá. Àrìnpé tàná náà mú ẹlẹ́rìí wá."

Ẹ̀rín tún sọ. Jẹ́jẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, tó bá jẹ́ pé ẹ yá ẹlòmíràn ní káàdì, ẹ sọ fún mi. Òfin dókítà ni pé káàdì tí wọ́n bá yá lò, ó ti kú nìyẹn. Ẹ ó wá gba tuntun ní Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n tó bá wà nílé, ẹ lọ mú un wá, kíá lẹ ó wọlé."

"Ẹ ṣáà wo ojú mi."

"Mo ti wò ó, mà. Èmi kọ́ ni dókítà."

Bí káàdì náà bá kú sí i lọ́wọ́, kí ni yóò sọ nílé ọkọ? "Ó wà nílé," ni Àrìnpé wí.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Àíṣẹ̀gbá, níbi tí Mojírádé ń gbé. Àti ọkọ̀, àti ìdúró de ọkọ̀, ọ̀sán ti pọ́n kó tó débẹ̀.

"Ìyàwó wa, káàbọ̀! Kí ló ṣe ẹ́ lójú?"

"Ẹ kúulé o, ọkọ mi. Káàdì mi ni mo wá gbà."

"Yéè! Ọ̀rẹ́ mi kan ará Ẹgbẹ́, Ìtùnúolúwa, ló gbà á lọ́wọ́ mi láàárọ̀. Orúnkún ló ń dùn ún. Mo ní kó rí i pé òun jẹ́ Àrìnpé dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín títí. Àrìnpé kò rín.

Kò sí ọkọ̀ Ẹgbẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Àíṣẹ̀gbá ló sùn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, nǹkan funfun bí ẹfun ti hàn lójú rẹ̀ nínú dígí Mojírádé. Ó dé Ẹgbẹ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, ó bá ìyá Ìtùnúolúwa lójúde.

"Ó mà ti jáde láti ìdájí, ọmọ mi. Ó ní òun ń lọ rí dókítà kan ní Ìṣẹ̀."

Àrìnpé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lásìkò yẹn gan-an, wọ́n ń pe Àrìnpé Fámúrewá ní Ìṣẹ̀, Àrìnpé Fámúrewá sì ń tiro wọlé tọ dókítà lọ.

Agogo mẹ́rin kọjá kí Ìtùnúolúwa tó dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé káàdì lé e lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Dókítà yín mà láájò o! Ó tún ní kí n bá òun kí ọkọ mi ní Àkúrẹ́."

Ilẹ̀ ti ṣú kó tó padà dé Ìṣẹ̀. Dókítà ti lọ. Ní Adó, àwọn tó ń wo ojú kì í gba ẹni tí kò bá mú lẹ́tà dókítà dání. Ọjọ́ Ẹtì, Sátidé, Sọ́ńdè, inú yàrá tí wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé rẹ̀ ló wà, tó ń kán oògùn tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ojú pípọ́n lásán ni, yóò lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, káàdì kì í yára mú ẹnikẹ́ni wọlé. Òun náà tò bí ẹni tuntun, pẹ̀lú gbogbo ìrìn tó ti rìn nítorí rẹ̀. Agogo kan kọjá kó tó jókòó níwájú Dókítà Ọbáfẹ́mi.

Dókítà ń ka káàdì náà. "Ìyá, ṣé ìpá ni mo yọ fún yín ní 1996?"

Àrìnpé wo ilẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tú gèlè náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ọjọ́ wo lèyí ṣẹlẹ̀?"

"Túsìdeè, sà."

"Túsìdeè! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá ní Wẹ́sìdeè?"

"Mo wá, sà."

Dókítà yí káàdì síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Kò sí Wẹ́sìdeè níbí. Orúnkún ni mo rí, ní Tọ́sìdeè."

Dókítà sáré kọ lẹ́tà, ó sì ní kó lọ sí Adó lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní egbò ti jẹ ẹyin ojú náà kọjá ohun tí oògùn lè ṣe.

Àrìnpé Fámúrewá pàdánù ojú òsì rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni.