Imú Tó Ń Ṣílẹ̀kùn

3.

…torí náà kò sẹ́ni tó ń wọ yàrá àyẹ̀wò láàárọ̀ títí Ìyá Onímú á fi fa afẹ́fẹ́ ẹnu ọ̀nà símú. Bó bá ní "Ẹ wọlé," wọ́n á wọlé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń da fọ́málìn, omi olóró tí wọ́n ń rẹ ẹran ara aláìsàn sí kó má baà jẹrà. Ta ló tún fẹ́ mọ òórùn rẹ̀ jù ú lọ?

4.

ÌKÉDE
Láti òní lọ, ẹ̀rọ ni yóò máa da fọ́málìn nínú àpótí gíláàsì. Bí òórùn bá jò síta, ẹ̀rọ á ké.

*(Ẹnì kan fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Ṣé ó máa ń kí èèyàn?)*

5.

ÌYÁ ONÍMÚ: Ẹ wọlé.

(Ẹ̀rọ ké.)

ÌYÁ ONÍMÚ: Àlejò ni. Kò tíì mojú ilé.

ẸLẸ́RỌ: Ẹ má bínú, mà. Kẹ́ẹ̀gì fọ́málìn kan ló ṣí sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ojú ń ta gbogbo wa. Ẹ ò gbóòórùn ẹ̀ ni?

6.

Kò gbóòórùn nǹkan kan.

7.

*Ilé ìdáná. Ọkọ rẹ̀ fi gèlè dì í lójú. Ife méjì.*

ỌKỌ: Èwo ni kẹrosíìnì?

ÒUN: Tọwọ́ ọ̀tún.

ỌKỌ: Omi nìyẹn.

ÒUN: Ẹ ti pààrọ̀ wọn.

ỌKỌ: Ìyàwó mi, imú la ní ká dán wò. Ẹnu tìẹ ò ṣàìsàn.

8.

Ìgbà wo ni imú rẹ̀ ti kú?

Àárọ̀ mélòó ló ti fi ẹnu lásán ní "ẹ wọlé"?

Ọbẹ̀ tó jóná, tó ní ti aládùúgbò ni, ńkọ́?

9.

Ọ̀gá ní kó fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ó ní òun gbọ́. Ó wá lọ bá ẹlẹ́rọ.

ÌYÁ ONÍMÚ: Kí ló fi ń gbóòórùn?

(Ó fi hàn án. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ.)

ÌYÁ ONÍMÚ: Bíńtín yìí? Ṣé òun náà máa ń kú?

ẸLẸ́RỌ: Bó bá pẹ́ nídìí òórùn, mà, ó máa ń kú.

ÌYÁ ONÍMÚ: Báwo lẹ ṣe ń mọ̀?

ẸLẸ́RỌ: Kì í ké mọ́.

ÌYÁ ONÍMÚ: Bí afẹ́fẹ́ bá wá dáa ńkọ́?

ẸLẸ́RỌ: …Kì í ké náà.

10.

Àárọ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́. Gbogbo wọn tò sẹ́yìn Ìyá Onímú, kò sẹ́ni tó wọlé.

"Ìyá, ṣé ká máa wọlé?"

Ó fa afẹ́fẹ́ símú.

Ó tún un fà.

11.

"Ẹ dúró ná."

12.

(Ẹ̀rọ ò ké.)