Ẹ̀dọ̀ Gàfárù

Kàfáyá ti wọn ọ̀pá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí oníbàárà fẹ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó Gàfárù ló ń pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ẹkún kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ àjàgbé gbá Gàfárù lójú ọ̀nà Ìlọrin ní ìdájí, àti pé wọn yóò sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Kàfáyá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọn ọ̀pá kẹrin, ó gé aṣọ náà, ó ká a fún oníbàárà, ó sì jókòó sórí erùpẹ̀ ọjà Lazaret ní Niamey.

Àbúrò rẹ̀ ni Gàfárù. Ọdún kọkànlá rèé tí àrùn mẹ́dọ̀wú jẹ ẹ̀dọ̀ Kàfáyá tán, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, tí ikùn rẹ̀ wú. Gàfárù bá a lọ sí Íńdíà. Àwọn dókítà gé lára ẹ̀dọ̀ tirẹ̀, wọ́n fi sí ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Kàfáyá ti ń lo oògùn láràárọ̀ àti lálaalẹ́: ọ̀kan kí ara rẹ̀ má baà kọ ẹ̀dọ̀ náà, òmíràn kí kòkòrò mẹ́dọ̀wú má baà padà wá jẹ èyí tí wọ́n fún un. Kò pa á jẹ rí.

Kò pẹ́ tí ilé rẹ̀ fi kún. Orí ẹní ló yẹ kó wà fún ọjọ́ mẹ́ta, kí àwọn èèyàn máa bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé òun gan-an ni wọ́n ń wò. Mọ́rìlíátù, tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra lọ́jà, di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń tọrọ àforíjì fún ìjà kan tí Kàfáyá ti gbàgbé. Ẹlòmíràn béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí Zubaidat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, yóò máa gbé.

Bàbá Jùnáídù ló là á yé e. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni, òun sì ni àgbà àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Niamey. Ó ní ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gé sí méjì. Ìdá kan ń wọlẹ̀ lónìí, ìdá kejì kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Ó ti gba àyè fún un nínú bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ ọ̀la.

“Lọ sílé, ọmọ mi. Kó bá ọ nílé.”

“Kí ló máa bá mi, Bàbá?”

Àwọn obìnrin tún bú sẹ́kún.

Kàfáyá rí i lọ́kàn bí yóò ṣe rí. Wọn yóò tẹ́ ẹní fún un ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn yóò sì máa dúró de ikú rẹ̀. Ta ni yóò máa wá oògùn fún ẹni tí wọ́n ti kà mọ́ òkú? Ọjọ́ yìí kan náà sì ni dókítà rẹ̀ ní kó wá gbọ́ èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò. Ó dìde lórí ẹní.

“Ta ló ń kúrò nídìí ọ̀fọ̀?” Mọ́rìlíátù béèrè. “Ibo lò ń lọ?”

“Mo fẹ́ lọ béèrè bóyá mo ti kú.”

Ó wọ takisí, ó gba orí afárá Kennedy kọjá sí ilé ìwòsàn ní Harobanda, ní òdìkejì odò. Dókítà Boubacar, ọmọ ẹ̀yà Zarma tó ti ń tọ́jú rẹ̀ látìgbà tó ti Íńdíà dé, tẹ́tí sí gbogbo ohun tí Bàbá Jùnáídù wí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yí bébà èsì náà síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“A kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, Madame. Ẹ̀dọ̀ yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo mọ àwọn tó ti lo ogún ọdún pẹ̀lú irú rẹ̀, tí wọn kò fi oògùn wọn ṣeré. Kò sí ohun tó so ó mọ́ ẹni tó fún yín mọ́. Tiyín ni.”

Nínú takisí, Kàfáyá ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lábẹ́ ahọ́n. Inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí wọ́n dé agbedeméjì afárá, ó yé e pé bí ẹ̀dọ̀ náà bá ti di tòun, kò sí ohun tó kù láyé nínú Gàfárù mọ́, ó sì yíjú sí odò.

Nílé, ó gbé bébà náà síwájú Bàbá Jùnáídù. Zubaidat, tí Faransé yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, kà á sókè, ó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tì.

“Kòkòrò yẹn ò sí. Ẹ̀dọ̀ Màmá, ça va. Ça va dáadáa.”

“Ìwé lásán ni,” ni Bàbá Jùnáídù wí.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ wá ẹlòmíràn fi sí àyè bọ́ọ̀sì yẹn. Mi ò lọ.”

Ohùn àgbàlagbà náà rọlẹ̀: ó béèrè bóyá Kàfáyá ti jẹun.

Ooru mú gan-an. Kàfáyá pọn omi kún inú àmù tuntun kan láti fi ṣe sàárà fún àwọn tó ń kọjá. Wọ́n ní kó fi sílẹ̀, pé ó wúwo. Ó gbé e fúnra rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó fi ife lé e. Ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke dúró, ó bu omi mu, ó sì fi èdè Zarma béèrè ẹni tí òun yóò ṣàdúà fún.

“Gàfárù. Àbúrò mi ni.”

“Ṣé ó ti kú ni?”

Kàfáyá rí i pé ọwọ́ òun wà ní ìhà òun, lábẹ́ egungun, níbi tó ti ń pa Gàfárù mọ́ láti àárọ̀. Ó mú un kúrò níbẹ̀.

“Ó ti kú,” ó ní. “Ní ìdájí òní.”

Ọkùnrin náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń ṣàdúà. Kàfáyá bu omi kún ife náà, ó sì gbé e sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀.