Ọta Márùn-ún láti Ilé Márùn-ún

3

…ni wọ́n bá tún ní ọ̀pá ìbọn ló bàjẹ́.

Ọ̀pá kẹta rèé. Ìbọn ọkọ mi kan ṣoṣo, ọ̀pá mẹ́ta. Ọdún mẹ́fà la ti ń yìnbọn sí òkúta funfun Iléyá, tí a ń tàsé, tí àwọn ará Hayad tó wà ní òdìkejì àfonífojì ń fi wá rẹ́rìn-ín.


4

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mọ́sálásí. Mo ní kí wọ́n kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì, kí n má baà ṣì í gbọ́.

> SÍ GBOGBO ARÁ SILA
> Lọ́jọ́ kejì Iléyá, àwa àti Hayad yóò yìnbọn sí òkúta.
> Ẹgbẹ̀ta ìṣísẹ̀. Ọta márùn-ún.
> Muthanna ọmọ Ghalib ni yóò yìn ín fún wa.
> Ilé márààrún yóò mú ọta kọ̀ọ̀kan wá, bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe. Ẹni tó bá kọ ọta ilé kan, ilé náà ló kọ̀.
> Bí a bá tún tàsé, ìbọn Ghalib yóò lọ sọ́dọ̀ Awad alágbẹ̀dẹ, kó gé e kúrú fún ọdẹ oko kọfí. Muthanna kò ní yìnbọn fún abúlé yìí mọ́.
> — Thabit, olórí abúlé

Kó gé e kúrú.


5

Àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi, láti ọdún kìíní:

Ìbọn. Wọ́n ní ti Jámánì tí Ghalib ọkọ mi fi sílẹ̀ ti gbó. Wọ́n yá ti Gẹ̀ẹ́sì. Tàsé.

Ọ̀pá. Wọ́n padà sórí ti Jámánì. Wọ́n ní àwọn ilà tó lọ́ nínú ọ̀pá rẹ̀, tó ń mú kí ọta máa yí bó ṣe ń lọ, ti jẹ tán. Awad fi òmíràn sí i. Tàsé.

Afẹ́fẹ́.

Ọ̀pá lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tó gùn, tó nípọn, tó wúwo bí ọmọ ọdún kan. Tàsé.

Ojú Muthanna. Wọ́n gbé ọmọ mi lọ sí Aden. Dókítà ní ojú rẹ̀ mọ́ ju tòun lọ.

Èmi. Wọ́n ní mo gbé ẹsẹ̀ ré ìbọn kọjá nígbà tí mò ń gbálẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dá ọta lẹ́bi.


6

Ìwé kékeré tí Awad alágbẹ̀dẹ ìbọn so mọ́ ìdí ìbọn nígbà tó dá a padà:

> Muthanna, ọ̀pá yìí dára. Ọta márùn-ún láti inú páálí kan ṣoṣo ni mo yìn, ọ̀nà jíjìn kan náà. Àwo ife tíì kan bo gbogbo ihò wọn mọ́lẹ̀. Má tún gbé e wá mọ́. Iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi.

Ti Awad:

                    ∙∙:∙

Tiwa, Iléyá tó kọjá:

      ∙

                              ∙
            ∙

   ∙                                    ∙


7

Nígbà ayé Ghalib, oníṣòwò kan ṣoṣo ló ń fi ràkúnmí kó ọta gòkè wá. Inú páálí kan náà ni ilé márààrún ti ń mú. Ta ni ì bá mọ̀ nígbà náà pé àṣà yìí lè pa ẹnikẹ́ni lára? Ọta ilé Sabah, ọta ilé Fetum, ìbejì ni wọ́n.

Nísinsìnyí, kálukú ń rà níbi tó wù ú.

Mo gbé òṣùwọ̀n tí bàbá mi fi ń wọn fàdákà jáde lẹ́yìn Iléyá tó kọjá. Mo wọn irú ọta tí ilé kọ̀ọ̀kan mú wá. Ti ilé Sabah, ọwọ́ sójà ló ti wá, ó fúyẹ́. Ti ilé Nur, ẹ̀bùn ìgbéyàwó, ó wúwo. Ti ilé Fetum ti wà nínú yàrá oyin láti ìgbà tí mo ṣì ní eyín, ara rẹ̀ ti dógùn-ún, ó ti di àwọ̀ ewé. Méjì ò dọ́gba.

Ọ̀kan ń gun òkè. Ọ̀kan ń já wálẹ̀. Kí ni ọ̀pá fẹ́ ṣe sí i?

Mo sọ fún Thabit. Ó ní, “Ìyá Muthanna, ẹ lọ bá wa se ọbẹ̀.”


8

Ilé ìdáná. Èmi àti Muthanna.

ÈMI: Ọta ni.

MUTHANNA: Màámi, ẹ jọ̀ọ́.

ÈMI: Àwọn Hayad ti jáwọ́ nínú àṣà yẹn. Inú páálí kan ni wọ́n ti ń mú tiwọn.

MUTHANNA: Mo mọ̀.

ÈMI: O mọ̀?

MUTHANNA: Ọdún mẹ́ta ni mo ti mọ̀. Ta ni kí n wá sọ fún pé mi ò fẹ́ ọta ilé ẹ̀? Ṣé Fetum tó fún mi lọ́mú nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀?

ÈMI: Ọta márùn-ún kù nínú páálí bàbá ẹ. Nọ́ńbà kan náà ló wà nídìí wọn.

MUTHANNA: Kùránì ni Thabit máa fi mú mi búra, pé ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan bá mú wá ni màá yìn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan kan, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́.

ÈMI: Mi ò sọ pé mo fẹ́ ṣe nǹkan kan.

MUTHANNA: Ẹ ṣeun. Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ yìí.


9

Orí òrùlé pẹrẹsẹ ilé mi, àárọ̀. Àwọn ìyálé ilé mẹ́rin yòókù. Ọwọ́ àwọn obìnrin ni kọ́kọ́rọ́ àpótí ọta wà.

ÈMI: Ẹ fún mi ní tiyín. Ẹ gba èyí. Òun ni kí ẹ gbé fún ọkọ yín lọ́la.

SABAH: Tí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?

NUR: Ọkùnrin wo ló ń wo ohun tí ìyàwó ẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́?

FETUM: Ọta ilé wa ti wà kí ọkọ mi tó fẹ́ mi.

ÈMI: Ọkọ ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀.

FETUM: Ta ló sọ fún yín?

(Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú Nur. Qabul kò rẹ́rìn-ín.)

QABUL: Inú ìgbànú Saif ni tèmi ti wá.

ÈMI: Mo mọ̀, arábìnrin mi.

QABUL: Òun ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ kì í síbẹ̀, kó tó lọ sójú ogun. Ìgbànú ló padà wá.

ÈMI: Mo mọ̀.

QABUL: Kí wọ́n yìn ín. Kí wọ́n pe orúkọ ilé rẹ̀. Mi ò ṣe pàṣípààrọ̀ ọmọ mi.

Mẹ́rin bára mu. Ọ̀kan dá yàtọ̀.

Mo dá ọta Ghalib kan padà sínú páálí.


10

Ohùn tí Muthanna fi ránṣẹ́ lórí fóònù sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Jeddah. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló padà jẹ́ kí n gbọ́ ọ:

“Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bẹ̀rù Hayad. Ìbọn yẹn ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá wa ti jẹ igi náà ni tèmi ń bọ́ sí. Tí wọ́n bá gé e, tí mo rí i léjìká ọdẹ… Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Báwo ni iṣẹ́?”


11

Bí ọta aláìdọ́gba bá jẹ́ ìkarùn-ún, kò léwu.

Bí ó bá jẹ́ ìkẹta, kò léwu. Àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń tún irin ojú ìbọn, èyí tí ayìnbọn fi ń wo àmì, tò.

Lọ́jọ́ ìyìnbọn, Thabit dìde. Ó ní nítorí ọlá olóògbé, ọta ilé Saif ni yóò ṣíwájú.


12

Qabul dì mí lọ́wọ́ mú lórí òrùlé. Wọ́n pe orúkọ ilé ọmọ rẹ̀. Ìbọn dún.

Erùpẹ̀ fò sókè lábẹ́ òkúta.

Mahsin ti abúlé wa ló ń fi awò wo òkúta. Ó ké: “Ìgbọ̀nwọ́ méjì nísàlẹ̀. Gbé irin ojú ìbọn sókè.”

                    ○


                    ∙

Bí Muthanna bá gbé e sókè, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù yóò gba orí òkúta kọjá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lójú kan náà, bó ṣe yẹ kí wọ́n lọ.


13

ÈMI: Muthanna, má gbé e.

SABAH: Wọn ò lè gbọ́ yín. Orin ni wọ́n ń kọ.

ÈMI: Má gbé e.

QABUL: Kí ni ò gbọdọ̀ gbé? Kí ni tèmi ṣe?

Qabul kò jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.


14

Ọkọ Fetum na ọta kejì sí i. Muthanna gbà á. Ó wo ìdí rẹ̀, ibi tí nọ́ńbà páálí bàbá rẹ̀ wà. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Thabit: “Ṣé ọta ilé Fetum lò ń yẹ̀ wò ni?”

Muthanna ki ọta náà sínú ìbọn.

Mahsin: “Gbé e sókè, Muthanna.”

Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi. Ìka rẹ̀ lọ sára irin ojú ìbọn, ó sì wà níbẹ̀.