Àwọn Ọmọ Tó Lẹ̀ Mọ́ Fóòmù

Ẹ̀ẹ̀mejì ni tọkọtaya ẹja dískọ́sì mi ti yé ẹyin, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ti gbé ẹyin náà jẹ. Mo ti pinnu pé bí ti ẹ̀ẹ̀kẹta bá tún bàjẹ́, n ó kó àwọn méjèèjì fún ẹni tó bá fẹ́ wọn. N kì í bọ́ ohun tí kò wúlò.

Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn ọmọ tó jáde nínú ẹyin ẹ̀ẹ̀kẹta lúwẹ̀ẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n tó igba, wọn kò ju ṣóńṣó abẹ́rẹ́ lọ. Mo sáré lọ pe ọkọ mi ní yàrá iwájú, níbi tó ti ń rán tìmùtìmù àga oníbàárà.

Ọdún méjì ni mo fi gba ẹ̀kọ́ ẹja sísìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi nínú àpòòwé, mo sì mọ Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án lórí: omi yíyọ̀ ara òbí nìkan ni ọmọ dískọ́sì ń kọ́kọ́ jẹ. Bí wọn kò bá lẹ̀ mọ́ òbí wọn lára lọ́jọ́ náà, ebi yóò pa wọ́n kú.

Àwọn òbí náà ti dúdú bó ti yẹ, wọ́n dúró jẹ́ẹ́, pẹrẹsẹ bí abọ́. Àwọn ọmọ gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Igun àpótí gíláàsì ni gbogbo wọn lọ, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ fóòmù tó ń sẹ́ omi.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ìyá wọn, àwọn ọmọ rẹ ti lọ jókòó sórí àga mi."

Òótọ́ ni. Àgékù fóòmù àga rẹ̀ ni mo rẹ sómi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí mo kọ̀ láti ra funfun tí wọ́n ń tà. Dúdú ni. Ohun dúdú sì ni àwọn ọmọ ń wá.

Ó ní kí n yọ ọ́. Mo ní ẹ̀kọ́ mi kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ yọ ọ́ bí ọmọ bá wà nínú omi, kí ìdọ̀tí má pa wọ́n. Ó béèrè èyí tó ń yára pani nínú ìdọ̀tí àti ebi.

"Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án kò mọ̀ pé oníṣẹ́ àga ni ọkọ rẹ."

Mo rọra gbọn àwọn ọmọ kúrò lára fóòmù, mo yọ ọ́, mo fi ọ̀pá afẹ́fẹ́ nìkan sílẹ̀. Mo fa omi títí ó fi ku ìwọ̀nba tó bo ẹ̀yìn àwọn òbí, kí àwọn ọmọ lè sún mọ́ wọn. Ọkọ mi ń gbé báàkẹ́tì láìjẹ́ pé mo rán an.

Ọmọ kan fara kan ìyá rẹ̀, ó kúrò, ó padà. Márùn-ún tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà n kò lè kà wọ́n mọ́.

"Ẹ wò ó," ni mo wí. "Bàbá wọn, wọ́n ń jẹun."

Ó ti kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ìyá ẹja gbọn ara lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ̀ sẹ́yìn, gbogbo ọmọ sì ṣí lọ sára bàbá ẹja lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó lọ gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, torí láìsí fóòmù, a ó máa pààrọ̀ omi ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Ó béèrè ta ni yóò rán àga oníbàárà.

"Ebi kì í pa àga," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ tètè bọ̀."