Orogún Aránṣọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ orogún ṣe wọ ilé aránṣọ yìí, kó má wulẹ̀ wá a lọ sí ibì kankan. Ẹnu aránṣọ fúnra rẹ̀ ló ti jáde. Ọkọ rẹ̀ ò gbé obìnrin kankan wálé o. Kẹ́ẹ̀gì ló gbé wálé, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ búlúù kan tó sanra nídìí, tó ti gbé òróró rí, tí ọkùnrin náà fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ títí òórùn òróró fi kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀gá Tútù ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ yìí, torí fíríìjì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe. Nígbà tí wọ́n wó ilé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ wálé, ó jókòó sórí àga tó kọjú sí fèrèsé, ó sì dákẹ́. Kì í ṣe ìdákẹ́ ọjọ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Bàbá wọn, oúnjẹ ti délẹ̀," á ní, "Mm." Á ní ọmọ wọn kí i lórí fóònù, "Mm." Á ní òrùlé ń jò, "Mm." Ẹ̀rù wá ń ba aránṣọ. Ó ń bẹ̀rù pé lọ́jọ́ kan òun á pè é, "Mm" náà ò sì ní jáde mọ́.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí oníbàárà ọkùnrin náà àtijọ́ kan, tó ń ta èlò ọtí, fi gbé àpò ọkà bálì kan fún un. Wọ́n ti jẹ́ kí ọkà náà hù díẹ̀ kí wọ́n tó sá a gbẹ. Oníbàárà ní kó fi pọn bíà wò, kó má kàn jókòó. Aránṣọ rò pé adìẹ ni yóò jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn. Àṣé iṣẹ́ ti dé!

Ọ̀gá Tútù ò ra nǹkan kan. Ó tú páìpù bàbà lẹ́yìn fíríìjì tó ti kú, ó rọra wé e mọ́ agolo ọ̀dà títí ó fi ká kiri bí ejò tó ń sùn, kó lè máa rì í sínú ọtí gbígbóná, kí omi tútù máa gba inú páìpù kọjá. Ó lu ihò sí ìdérí kẹ́ẹ̀gì, ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó ri ẹnu kejì rọ́bà náà sínú ìgò omi, kí atẹ́gùn inú ọtí lè rí ọ̀nà jáde, kí èérí má sì rí ọ̀nà wọlé. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sínú fíríìjì tó ti kú yẹn, ó ní yàrá rẹ̀ nìyẹn.

"Ìkòkò ńlá mi dà?" aránṣọ bi í.

"Ó wà níbi iṣẹ́."

"Kúlà wa ńkọ́?"

"Òun náà ti ríṣẹ́."

"Ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo ohun tó wà nílé yìí ló ti ríṣẹ́, àfi ìwọ."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Tútù rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo gbà wọ́n síṣẹ́," ó ní.

Láti ọjọ́ náà ni kẹ́ẹ̀gì ti di orogún. Bí obìnrin náà bá bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti gbé etí lé e, tó ń gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń yọ nínú ìgò omi, pókó, pókó, á ní, "Kí ni ìyàwó rẹ ń wí?" Ọkọ á ní, "Ó ní òun ti jẹ ṣúgà yó." Aránṣọ á ní, "Ó ti gba ìkòkò mi, ó ti gba bùláńkẹ́ẹ̀tì mi, ó wá kù kó gba bẹ́ẹ̀dì." Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá Tútù bẹ̀ ẹ́ pé kó fi àwọ̀n kọ́tìnnì rán àpò tí òun á máa fi sẹ́ ọkà. Orí ẹ̀rọ ló wà tó ń rán an, tí obìnrin kan fi wọlé wá wo aṣọ rẹ̀.

"Ta lẹ ń rán èyí fún?"

"Orogún mi ni," aránṣọ dáhùn, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ọkọ mi ló ní kí n rán an fún un."

Obìnrin náà ò dúró wọn apá aṣọ mọ́. Ẹ sáà mọ̀ pé etí lásán ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹnu ló ń bu iyọ̀ sí i. Kó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Tútù, obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, tí ọkùnrin náà ò sì kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu rí láyé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n dé, ó fajú ro. Aránṣọ gbé omi wá, kò gbà á. "Pe ọkọ rẹ fún mi, ìyàwó wa."

Ọ̀gá Tútù jáde wá, ó tẹrí ba kí i.

"Ṣé òótọ́ ni ohun tí mo gbọ́? O gbé e wọnú ilé?"

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọtí sétí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín."

"Ìyàwó rẹ sì mọ̀ sí i?"

"Òun ló rán aṣọ rẹ̀."

"Yéè! Ibo ló wá ń sùn?"

"Yàrá ẹ̀yìn ni. Kò fẹ́ ooru, òtútù tó pọ̀ jù náà ò sì bá a lára mu. Mo máa ń dìde lọ wò ó."

"O máa ń dìde lọ wò ó." Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. "Ṣé ó ti lóyún ni?"

Ọ̀gá Tútù rò pé Ẹ̀gbọ́n náà ti kọ́ àwàdà ìyàwó òun. "Ikùn rẹ̀ wú lánàá, ẹ̀rù tiẹ̀ bà mí. Ṣùgbọ́n mo tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀, atẹ́gùn jáde, ó sì rọlẹ̀."

Ẹ̀rín ti fẹ́ pa aránṣọ. Ó ti bo ojú mọ́ aṣọ orí ẹ̀rọ, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Wo bó ṣe ń sunkún!" Ẹ̀gbọ́n fò dìde. "Dákẹ́, ìyàwó wa. Òní yìí náà ló máa jáde."

Ó já wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wo abẹ́ tábìlì. Aránṣọ tẹ̀ lé e wọlé, ó ń nu omi ẹ̀rín lójú, ó ṣí fíríìjì. "Ẹ̀gbọ́n, orogún mi rè é."

Ojú Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ rọ̀. Lẹ́yìn náà ló tún le. "Ọtí ni?"

"Ọtí ni," Ọ̀gá Tútù sọ.

Ẹ̀gbọ́n ò pariwo. "Ọkùnrin tí kò níbi tó ń lọ láàárọ̀, tó wá ń pọn ọtí sínú yàrá. Àbúrò mi, ṣé o mọ ibi tí ọ̀nà yẹn já sí? Dà á nù. Tú gbogbo nǹkan wọ̀nyí ká." Ọ̀rọ̀ òpònú kọ́ o. Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn ló ń sọ irú rẹ̀.

Ọ̀gá Tútù wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Mm," ó ní, ó sì nawọ́ sí ìdérí.

"Mm" yẹn gún aránṣọ láyà. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, kò ní dà á nù. Ẹ ò sí níbí. Ọkọ mi jókòó sí pálọ̀ yẹn, ó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ lójú mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè ké sí. Mímu kọ́ ló ń wá. Ife kan ló ń mu lálẹ́ Sátidé, ojú rẹ̀ á sì fún pọ̀, torí èyí tó kọ́kọ́ pọn kan gógó! Ṣíṣe ẹ̀ ló ń wá. Nǹkan yìí ló jẹ́ kó tún máa sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá lé e jáde, èmi náà á tẹ̀ lé e."

Ìyàwó wọn ò fún Ẹ̀gbọ́n lésì bẹ́ẹ̀ rí. Kẹ́ẹ̀gì ń sọ tiẹ̀ lọ, pókó, pókó. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Kí ni páìpù wíwé yìí wà fún?"

Ó kúkú bi í! Ọ̀gá Tútù ṣàlàyé bàbà, ó ṣàlàyé omi, ó ṣàlàyé ìdí tí ọtí fi gbọ́dọ̀ tètè tutù kí nǹkan kan nínú atẹ́gùn má bàa bà á jẹ́. Ẹ̀gbọ́n dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan dé, ó jókòó lé e. Ọkùnrin náà dé orí yíìsì tó ń jẹ ṣúgà inú ọtí, kò dákẹ́.

"Ṣé bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí?" Ẹ̀gbọ́n bi aránṣọ.

"Ojoojúmọ́, mà."

"Ó mà ń sọ̀rọ̀ o," Ẹ̀gbọ́n sọ, ó sì fi etí gèlè nu ojú rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, kò sọ̀rọ̀ dídànù mọ́. Ó kàn ní bí òun bá gbọ́ pé ife kan ti di méjì, àáké lòun á gbé wá.

Aránṣọ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"O ò sọ fún mi rí pé ẹ̀rù bà ẹ́ tó yẹn," ó ní. "Mo rò pé kẹ́ẹ̀gì yẹn ń bí ẹ nínú ni. Ojoojúmọ́ lò ń bú u."

Aránṣọ dá ẹ̀rọ dúró. "Kí ni kẹ́ẹ̀gì fi ṣe mí? Bí mo bá bú u nìkan lo máa ń dá mi lóhùn."

Aránṣọ ń retí, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, torí ó mọ ìró tó lè jáde.

"Bú èmi gan-an wò," Ọ̀gá Tútù sọ. "Màá fèsì."

Aránṣọ mú un láti orí rẹ̀ tó pá, ó bú u dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọkùnrin náà ò jẹ́ kí ọ̀kankan lọ láìfèsì.